Tsonka àti Ihò Èéfín Àjà Kẹjọ

Ẹ má bi mí bóyá èèyàn dáadáa ni Tsonka Velkova. Ọdún mọ́kàndínlógún la ti jọ ń gbé àjà kan náà, ilẹ̀kùn tèmi dojú kọ tirẹ̀. Òun ni alága ilé wa. Kò sẹ́ni tó dìbò fún un, kò kàn sí ẹlòmíì tó fẹ́ iṣẹ́ náà ni. Bí omi bá ń jò láti òkè, Tsonka. Bí èèyàn bá kú, Tsonka náà ni yóò tẹ ìwé ìkéde tí à ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fọ́tò òkú lórí rẹ̀: ti ọjọ́ kìíní, ti ogójì ọjọ́, ti oṣù mẹ́fà, ti ọdún kan.

Nígbà tó yá, àwọn ará ilé ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn fẹ́ sọ àdúgbò wa di èyí tí iná tó ń pèsè yóò ju èyí tó ń lò lọ. Ìlú wa Pernik, ìlú èédú! Wọn ó fi sólà bo òrùlé, wọn ó fi fóòmù tó nípọn bo ògiri kí òtútù má baà wọlé, wọn ó pààrọ̀ fèrèsé, wọn ó sì gbé ẹ̀rọ kan sísàlẹ̀ tí yóò máa mú gbogbo ilé gbóná. Èmi rẹ́rìn-ín. Tsonka kò rẹ́rìn-ín. Òtútù àyà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá rẹ̀ nínú yàrá tí omi ń ṣàn lára ògiri rẹ̀, ó sì fi gbogbo ara gba ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n gbogbo onílé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Baba Gencho ti àjà kẹjọ nìkan ló kọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi wa èédú lábẹ́ ilẹ̀, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń já èédú sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ààrò onírin kan wà ní kíṣìnì rẹ̀, páìpù rẹ̀ wọ inú ihò èéfín tó gba àárín ògiri lọ dé òrùlé. Òun nìkan ló ṣì ń dáná èédú nínú ilé wa. Gbogbo wa la mọ̀. À ń gbóòórùn rẹ̀.

Èmi àti Tsonka jọ gòkè lọ bá a.

"Ẹ tún dé," ni bàbá wí. "Ẹ jókòó. Ẹ má fọwọ́ kan ológbò yẹn o, ìwà ìyàwó mi tó ti kú ló ń hù."

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ kù," ni Tsonka wí.

"Kí n fọwọ́ sí i kí wọ́n wá gba ààrò mi? Ṣé oòrùn ń ràn ní Pernik lóṣù Kejìlá ni? Níbo lo ti rí i?"

Mo dá sí i. "Ẹ̀yin náà le jù, Baba. Àwa yòókù ńkọ́?"

"Ìyá Plamen, ta ló wá ń yáná níbí lọ́dún tó kọjá? Ológbò ni?"

Òótọ́ ni, èmi ni.

"Mo fi ìyá mi búra," ni Tsonka wí, "wọn ò ní fọwọ́ kan ihò èéfín yín. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn."

Bàbá wò ó títí. "O ò parọ́ fún mi rí," ló sọ, ó sì fọwọ́ sí i.

Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ṣì ń lo ihò èéfín nílé yìí? Ẹni tó bá kọ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á kọ́kọ́ wá yẹ ilé rẹ̀ wò, iṣẹ́ á sì di ọdún tó ń bọ̀. Tsonka gbé e wá sórí tábìlì mi.

"Ìyá Plamen, kí òtútù tó dé, ẹ̀rọ á ti máa ṣiṣẹ́. Bàbá ò tiẹ̀ ní rántí ààrò mọ́."

"Kọ ohun tó o bá fẹ́," ni mo wí.

Ó kọ ọ́: Kò sí.

Ní oṣù Kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ fi páànù dí ihò èéfín lórí òrùlé, wọ́n sì to sólà lé e. Ní oṣù Kẹwàá, gbogbo wa jáde síwájú ilé láti sun tàtàṣé sílẹ̀ de ìgbà òtútù, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Baba Gencho ń bá wa bó o. Ó gbójú sókè.

"Tsonka, ihò mi ṣì wà níbẹ̀?"

Tsonka ò gbé ojú kúrò lára tàtàṣé ọwọ́ rẹ̀. "Ó wà, Baba."

Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ò tíì dé. Wọ́n ní kí oṣù tó parí. Tsonka ní ọjọ́ tó bá dé lòun máa sọ òótọ́ fún bàbá. Èmi ńkọ́? Abọ́ kan náà lọwọ́ mi wà, mo sì gbọ́. Mo sọ fún ara mi pé mi ò fẹ́ dójú tì í láàárín èrò.

Oṣù parí, ẹ̀rọ ò dé. Ní oṣù Kọkànlá, yìnyín bọ́. Fèrèsé tuntun náà ò gba atẹ́gùn kankan wọlé. Búrẹ́dì tí Tsonka fi kọ́ ilẹ̀kùn bàbá láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀ lọ́sàn-án, la bá já ilẹ̀kùn. Orí àga ló wà nídìí ààrò, ológbò wà lórí itan rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti kú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lábẹ́ ilẹ̀, èéfín ò pa á. Kíṣìnì rẹ̀ ló ti wá pa á.

Ọlọ́pàá ní ẹ̀bi bàbá ni, ó ṣáà fọwọ́ sí i. Tsonka ò sọ ti fọ́ọ̀mù náà fún wọn. Èmi náà ò sọ ọ́.

Oṣù Kìíní ni ẹ̀rọ dé. Ilé gbóná, ìyá Tsonka kò wúkọ́ mọ́, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n gbé pátákó oníná kan sí ẹnu ọ̀nà wa tó ń fi iye iná tí àdúgbò pèsè àti iye tó lò hàn. Èyí tó pèsè ló máa ń pọ̀ jù. Ọ̀gá kan láti ilé ìgbìmọ̀ wá sọ̀rọ̀, a pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn tuntun náà mọ́.

Nígbà tí ikú bàbá pé oṣù mẹ́fà, Tsonka tẹ ìwé ìkéde rẹ̀. Kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ojú pátákó oníná gan-an ló lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ohun tó kọ sábẹ́ fọ́tò ni: "Gencho Stamenov, awakùsà. Èéfín pa á, nítorí pé mo kọ sínú fọ́ọ̀mù pé kò sí ẹni tó ń dáná nílé yìí. Mo mọ̀ pé ó wà. Tsonka Velkova."

Wọ́n ya á. Ó lẹ òmíràn. Wọ́n tún ya á. Láàárọ̀ yìí, mo bá ẹ̀kẹta níbẹ̀, àtè ìlẹ̀wé ò tíì gbẹ. Mo dúró kà á. Àyè díẹ̀ ṣẹ́kù lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo padà sókè lọ mú bírò, mo sì kọ tèmi síbẹ̀.