Mo Ta Kò Ó, Olúwa Mi

Ìyá ọkọ mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí lọ́yà inú fíìmù kankan tó tó bá a jiyàn. Ilé rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sí ọ̀sà, òórùn ẹja yíyan kì í sì í kúrò lára àga pálọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ la máa ń jókòó sí ní ọ̀sán Sátidé, tó bá ti kírun tán, tí iná bá sì wà. Òun á jókòó lórí àga, èmi lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin mi á wà láàárín wa. Fíìmù kóòtù ló fẹ́ràn, pàápàá àwọn ti àtijọ́ tí kò ní àwọ̀, tí àwọn adájọ́ inú rẹ̀ máa ń dé irun funfun lórí bí àgùntàn. Ó ní fíìmù ìfẹ́ máa ń tán òun ní sùúrù, ti ìbọn sì máa ń fọ́ òun lórí.

"Ìyàwó mi, wá fi ti kóòtù sí i," ni yóò wí, "kí n rí bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ gbé ara wọn ṣubú."

Iṣẹ́ tèmi ni láti máa túmọ̀. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgbògbò, Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í ṣe àjèjì sí mi, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà yẹn máa ń sáré ju ọ̀kadà garáàjì Ìkòròdú lọ. Kí n tó mú ọ̀rọ̀ kan, òmíràn ti kọjá. Nítorí náà, mo máa ń fi tèmi dí àlàfo. Lọ́yà á sọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ nípa ẹ̀rí àti òfin, èmi á ní, "Ó ní, Olúwa mi, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ìyá á fọwọ́ lu àga.

"Òyìnbó yìí mà gbọ́n o! Ta ló kọ́ ọ lówe?"

Ọkọ mi, tó mọ ibi tí òwe náà ti wá, á dọ́gbọ́n bọ́ sí yàrá lọ rẹ́rìn-ín.

Ohun méjì ló máa ń dùn mọ́ Ìyá jù nínú àwọn fíìmù wọ̀nyẹn. Àkọ́kọ́ ni ibi tí lọ́yà kan á ti fò dìde láti dá èkejì dúró. Èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí "Mo ta kò ó, Olúwa mi!", láti ọjọ́ yẹn ló sì ti di ọ̀rọ̀ ilé. Tí ọmọ mi bá ní òun ti fọ ẹsẹ̀, tí iyanrìn sì ṣì wà láàárín ọmọ ìka, Ìyá á na ọwọ́ sókè: "Mo ta kò ó, Olúwa mi!" Tí ọkọ mi bá ní òun ti yó, tí ẹja ṣì wà nínú abọ́, Ìyá á ta kò ó. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń bá Ìyá yan ẹja tà náà kọ́ ọ. Ìgbà kan wà tí mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé, tí ẹni tó sọ ọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé inú fíìmù ló ti wá.

Èkejì ni ibi tí adájọ́ á ti wo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, tí á bi í pé ṣé ó ní ohun tó fẹ́ sọ kí òun tó dájọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́ níbẹ̀. Ìyá á jókòó sí etí àga, á sì máa wo ẹnu mi, á dúró de ohun tí ẹni náà máa sọ. "Ibẹ̀ yẹn," ló máa ń sọ fún mi, "ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ irú ẹni tóun jẹ́."

Ṣùgbọ́n tí fíìmù bá ti parí, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn òyìnbó náà wí. Ṣé wọn ò ní ẹbí ni? Ṣé kò sí àgbà àdúgbò tó lè bá wọn parí ẹ̀? Á mirí, á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, màá sì dìde lọ gbé oúnjẹ wá.

Ìgbà tó yá, ọkọ mi kú. Àìsàn tí a pè ní ibà lásán ló mú un lọ, kí a tó mọ̀ pé kì í ṣe ibà. N kò ní lè sọ púpọ̀ nípa àsìkò yẹn, torí pé n kò rántí púpọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé yàrá wa ní Ìgbògbò tóbi lójijì, n kò sì lè sùn nínú rẹ̀. Ìyá ní kí n jẹ́ kí ọmọ wà lọ́dọ̀ òun ní Ẹ̀pẹ́ títí ara mi á fi balẹ̀. Mo gbà, mo sì dúpẹ́. Gbogbo Sátidé ni mo ń wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ wò ó.

Nígbà tí mo ti rí ilé mìíràn tó dára gbà ní Ìgbògbò, tí mo sì lọ mú ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló pàdé mi lójúde. Ọkọ̀ ojú omi ló fi ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń ròkè torí ariwo ẹ́ńjìnnì tó ti mọ́ ọn lára.

"Ìyàwó, ọmọ yìí ò lọ ibì kankan," ló wí. "Ọmọ bàbá ẹ̀ ni. A ò ní ẹ̀jẹ̀ wa ká jẹ́ kó dàgbà sí ilé rẹ́ǹtì nílẹ̀ onílẹ̀. Ọ̀dọ́ ni ẹ́, ọ̀la lo máa fẹ́ ọkọ mìíràn."

Mo wo Ìyá. Ó wà nídìí ààrò, ó ń yí ẹja padà. Ó yí èyí tó jinná, ó yí èyí tí kò tíì jinná, kò sì gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dùn mí, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ Ìyá ló fẹ́ pa mí.

N kò yéé lọ. Sátidé dé, mo lọ. Ìyá á gbé oúnjẹ fún mi, á bi mí léèrè ọ̀nà, èmi á ní ọ̀nà dára. Tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, iná wà, a ò tàn án. Ọmọ mi á jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ títí di ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá fẹ́ lọ, á sì sunkún sìn mí dé ojú títì. Mo rán àwọn àgbà ìjọ wa sí wọn. Bàbá mi wá láti Ìkìrun, ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fún un lómi tútù, wọn ò fún un lọ́mọ. Ẹlẹgbẹ́ mi kan nílé ẹ̀kọ́ ló wá ní kí n lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìyá nípa kóòtù àti ọ̀rẹ́ ń dún létí mi bí mo ṣe ń wọlé lọ pe ẹjọ́ náà, mo sì ń sunkún torí mo mọ̀ pé òótọ́ ni.

Kóòtù náà kò jọ ti fíìmù rárá. Yàrá kékeré ni, àwọn bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, fáànù wà lókè tí kò yí. Kò sí irun àgùntàn lórí ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà mẹ́ta ló jókòó síwájú, èyí tó jẹ́ ààrẹ wọn dé fìlà, ó wọ gíláàsì, ó sì ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Kò sí lọ́yà, oníkálukú ló ń rojọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo dìde. Èmi tí mo ti bá àìmọye lọ́yà òyìnbó wá ọ̀rọ̀ sọ ní pálọ̀ Ìyá, gbogbo ohun tí mo rí sọ ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni mo fẹ́." Mo bá jókòó.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dìde. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Ó sọ bí àbúrò rẹ̀ ṣe jẹ́ èèyàn dáadáa, ó sọ bí ìdílé wọn ṣe pẹ́ tó ní Ẹ̀pẹ́, àwọn àgbà náà ń mirí. Ó wá ní, "Bàbá, láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti kú, obìnrin yìí ò bèèrè ọmọ yìí rí. Kò wá, kò pè."

"Mo ta kò ó, Olúwa mi!"

Ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá. Gbogbo wa yíjú. Ìyá ti dìde lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn ẹbí ọkọ mi jókòó sí, ó na ọwọ́ sókè, ìbòrí rẹ̀ ti yọ̀ bọ́ sí èjìká. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kóòtù ń fọwọ́ júwe fún un pé kó jókòó.

"Màmá, a kì í ṣe báyẹn níbí. Wọn ò tíì pè yín."

Ààrẹ kóòtù yọ gíláàsì rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yìn ta lẹ wà gan-an? Ṣé kì í ṣe ọmọ yín ló ń rojọ́ lọ́wọ́ ni?"

"Ọmọ mi ni, Olúwa mi. Èmi ni mo bí i. Irọ́ ló ń pa. Gbogbo Sátidé ni ìyàwó mi ń wá, òjò ì báà rọ̀. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ fún un."

Ẹ̀rín tán nínú yàrá náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wolẹ̀. Ààrẹ kóòtù ní kí Ìyá bọ́ síwájú, ó sì bi í pé, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilé rẹ̀ ni ọmọ wà, kí ló ní láti sọ kí àwọn tó dájọ́?

Mo rí i tó wò mí. Bó ṣe máa ń wo ẹnu mi ní pálọ̀ ló ṣe wò mí, ṣùgbọ́n n kò ní nǹkan kan tí mo lè fún un. Ó kọjú sí àwọn àgbà náà. Ohùn rẹ̀ kò ròkè mọ́.

"Wọ́n ní ọmọ bàbá ẹ̀ ni. Òótọ́ ni. Àmọ́ bàbá ẹ̀ ti lọ, ojú mi ni wọ́n ṣe gbé e jáde. Mo mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Ikú ló gba tèmi, mi ò ráàyè bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ẹ ṣeé bẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ọmọ fún ìyá ẹ̀."

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dìde, ó ní ìyá òun ti sọ̀rọ̀, òun ò lè bá ìyá òun ṣẹjọ́. Wọ́n dá ọmọ padà fún mi, wọ́n sì ní kí n máa mú un wá sí Ẹ̀pẹ́ nígbà ìsinmi. Sátidé Sátidé ni mo ń mú un lọ, a kò dúró de ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ní ọdún iléyá tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹran wá fún wa ní Ìgbògbò. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní ilé wa tutù. A tún ti ń wo fíìmù. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní irú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn lọ́yà àtijọ́ wọ̀nyẹn, ibi yòówù tí wọ́n wà, torí pé àwọn ló kọ́ ọ pé èèyàn lè dìde sí ọmọ tirẹ̀ ní gbangba.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kóòtù yẹn kò parí sí kóòtù. A padà sí ilé Ìyá láti lọ kó ẹrù ọmọ. Mo wọ yàrá, mo bá báàgì rẹ̀ lórí ibùsùn, ó ti wà ní dídì. Ìyá ti fọ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó ti ká wọn, ó ti wé ẹja yíyan sínú bébà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti ṣe gbogbo rẹ̀ kó tó jáde lọ sí kóòtù ní àárọ̀. Mo kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, ó fà mí dìde.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ló wí. "Ọjọ́ tó o wá mú un, tí mi ò sọ̀rọ̀, ṣé o rò pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ ni mo ń bẹ̀rù? Èmi ni mo fẹ́ ọmọ náà. Ó ń rẹ́rìn-ín bíi bàbá ẹ̀. Mo rò pé tí n bá ṣáà ti dákẹ́, á di tèmi."

Mo dì mọ́ Ìyá. Ó na ọwọ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó fa ẹ̀wù kékeré kan yọ, èyí tí ọmọ náà wọ̀ sùn ní òru àná.

"Ìyàwó mi," ló wí, "gbogbo ẹrù ẹ̀ ló wà nínú báàgì yẹn. Èyí nìkan ni mi ò fọ̀. Jọ̀ọ́, ṣé o lè fi sílẹ̀ fún mi?"