Ohùn Màámi Tí Rédíò Mọ́tò Kò Gbé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò nílé wa ní Ìwó. Màámi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìborùn bo etí nítorí òtútù. Wọn ò tiẹ̀ dárúkọ ọjà tí mò ń lọ rà ní Dubai.

"Sìdí, sọ fún Múfútàù kó jókòó ti rédíò rẹ̀ ní Sátidé. Wọ́n ti pè mí sórí ètò àwọn àgbàlagbà. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ ní gbangba."

Múfútàù ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ ní Sharjah, ó ń wa mọ́tò fún ilé ìfọṣọ kan. Sharjah sí Dubai dà bí Ọ̀tà sí Èkó: ọ̀pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ní Dubai, tí wọ́n ń lọ sùn ní Sharjah torí owó ilé.

Bọ̀ọ̀dá Múfú wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Bí a ṣe jáde, ooru gbá mi lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ààrò búrẹ́dì. A jẹ ìrẹsì àti ẹran àgbò ní Al Rigga, àdúgbò kan ní Dubai. Ẹran náà rọ̀, ṣùgbọ́n ata kò sí níbẹ̀ rárá. Títì wọn dán, kò sí kòtò kan, ẹnikẹ́ni kì í sì í fun fèrè.

Rolla, àdúgbò àtijọ́ kan ní Sharjah, ni Bọ̀ọ̀dá ń gbé, nínú bedspace. Èèyàn kì í háyà yàrá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kan ló ń háyà. Bashir, télọ̀ ará Íńdíà, ló ni bẹ́ẹ̀dì kejì. Èmi sùn lọ́dọ̀ obìnrin Ìbàdàn kan nítòsí.

Bọ̀ọ̀dá ti ri àwo sátẹ́láìtì mọ́ orí òrùlé, ó fa wáyà gba ojú fèrèsé wọ inú dikódà. Tó bá ti tàn án, rédíò Ìbàdàn á máa sọ̀rọ̀ ketekete: ìkéde òkú, ìpolówó àgbo, bíi pé a wà ní Mọ́kọ́lá. Bashir ò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ òun gan-an ló máa ń kọ́kọ́ tàn án. Ó ní orin wa dára fún ìránṣọ.

Inú mọ́tò ni wàhálà wà. Ẹnì kan ní ọjà Deira ta èríàlì kékeré kan fún Bọ̀ọ̀dá, ó búra pé yóò máa gbé rédíò sátẹ́láìtì lójú ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọkọ̀. Àwo ilé dúró sójú kan, mọ́tò ń yí kiri. Ariwo ṣáá lásán ló ń mú wá.

"Khalas," ni Bọ̀ọ̀dá wí. Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ nìyẹn tí nǹkan bá ti parí.

Nígbà tí Sátidé dé, a kó báàgì tí mo rà lọ sí Jebel Ali, etíkun tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó ẹrù. A rò pé a ó ti padà kí ètò Màámi tó bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, nígbà tí a sì fi máa kọjú sí Sharjah, mọ́tò ti dí ojú ọ̀nà pa. Ìkànnì rédíò náà lórí fóònù ti kú tipẹ́. A pe Bashir pé kó gbé fóònù sẹ́nu rédíò ká lè gbọ́. Ó dún títí, kò gbé e.

Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí yí bọ́tìnnì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wojú ọ̀nà."

"Ó lè gbé e lónìí, Sìdí. Ó lè gbé e."

Kò gbé e.

Nígbà tí a wọlé, Bashir ń rẹ́rìn-ín. Ó fi gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sọ fún wa pé ìyá kan sọ̀rọ̀, pé ó pe Múfútàù lọ́pọ̀ ìgbà, pé ó tún dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì. Fóònù tiẹ̀ wà ní kíṣìnì, ó ń gba iná.

"Kí ni wọ́n sọ?" ni Bọ̀ọ̀dá bi í.

Bashir la ọwọ́ méjèèjì. "Brother, èdè yín ni."

Bọ̀ọ̀dá pe Màámi lójú ẹsẹ̀. "Màámi, mo gbọ́ yín. Ohùn yín já geere. Ẹ ṣeun."

Mo ní kó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n sọ. Ó ní, "Ṣé kí n sọ pé mi ò gbọ́ ni? Pẹ̀lú gbogbo bí wọ́n ṣe múra lọ síbẹ̀? Ìkíni ni, Sìdí. Kí ni ìbá tún jẹ́?"

Èmi náà gbà pé ìkíni ni.

Nígbà tí mo padà dé Ìwó, kọ́tìnnì tí mi ò mọ̀ wà lẹ́nu yàrá Bọ̀ọ̀dá. Olùkọ́ obìnrin kan jáde níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo wo Màámi.

"Mo bi í lórí rédíò bóyá ó ṣì ń padà bọ̀ wálé," ni wọ́n wí. "Mo ní tó bá ń bọ̀, kó pè mí kó ní kí n má fi yàrá òun fún ẹnikẹ́ni. Ó pè lóòótọ́. Ó dúpẹ́. Kò mẹ́nu kan yàrá. Mo bá fi í fún olùkọ́ yìí."

"Màámi, kò gbọ́. Inú mọ́tò la wà."

"Ó ní ohùn mi já geere."

"Kò fẹ́ kó dùn yín ni."

Mo ti rìnrìn àjò púpọ̀ nítorí ọjà, ṣùgbọ́n èyí ló kọ́ mi pé ká sọ fún èèyàn ẹni pé a ò gbọ́ ọ sàn ju ká dáhùn ohun tí a ò mọ̀ lọ. Mo pe Bọ̀ọ̀dá, mo ròyìn fún un, mo sì gbé fóònù fún Màámi.

Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. "Mò ń bọ̀ wálé, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi yàrá mi fún ẹnikẹ́ni."

Màámi wo kọ́tìnnì náà.

"Èèyàn ti wà níbẹ̀, Múfú."