Oògùn Tó Gba Inú Iṣan Lọ Sẹ́dọ̀ Àyúbà

Ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Awoyaya ni bàbá Àyúbà ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ ẹja pípa. Nígbà tí ọ̀nà ńlá dé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Free Zone, òun kò fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sílẹ̀.

Mọ̀nsúrát ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé ṣòkòtò ọkọ òun ti ń yọ nídìí. Oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́, abẹ́ ìhà ọ̀tún sì ń ro ó. Àyúbà ní ibà ni. Mọ̀nsúrát kò bá a jiyàn, ó ṣáà mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Lẹ́kkí Phase 1.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, ó sì ti tàn kọjá ohun tí wọ́n lè fi ọ̀bẹ yọ. Dókítà Fúnláyọ̀ fa àga sún mọ́ wọn. Ó ní àwọn yóò ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan rẹ̀, yóò gòkè títí dé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sẹ́dọ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò ti da oògùn lé jẹjẹrẹ náà lórí.

Àyúbà bi í léèrè. "Ṣé ó máa tán?"

"Mi ò lè ṣèlérí pé á tán, Bàbá. Ohun tá à ń wá ni kó súnkì, kẹ́ ẹ lè rímú mí."

"Ó dáa. Òótọ́ tẹ́ ẹ sọ yìí tó mi."

Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ gbóná, tó ń bì. Mọ̀nsúrát ń fi ṣíbí fún un ní ògì, àfi bó ṣe ráhùn pé ṣúgà rẹ̀ kò tó. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ọkọ òun ti ń bọ̀ sípò.

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, kókó jẹjẹrẹ náà kò tíì lọ, ṣùgbọ́n ó ti súnkì gan-an. Àyúbà ń sùn, ó ń jẹun, ó sì ti padà sójú omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí bèbè ló ń ju àwọ̀n sí.

Ọjọ́ kan tí Mọ̀nsúrát sìn ín lọ ṣàyẹ̀wò, Àyúbà bá Clement, awakọ̀ tírélà kan tí wọ́n fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún, tó ń gbọ̀n lórí bẹ́ǹṣì. Àyúbà ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè títí dé itan.

"Wò ó, ọmọ mi. Ibi tí wọ́n gbà wọlé nìyí. Ṣó ju ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ lọ?"

Mọ̀nsúrát fi ìborùn bo ojú. Clement rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè é, Àyúbà bá a rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ léjìká ọmọkùnrin náà.