Ilà Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹṣin Ike

Aṣọ òkìrìkà ọmọdé ni mo ń tà lọ́jà Ìjerò nígbà tí ara mi ṣì le. Bí a bá tú béèlì, a máa ń bá nǹkan ìṣeré láàárín aṣọ: ọkọ̀ tí kò ní táyà, bèbí olójú kan, àti àwọn ẹṣin kéékèèké oníke tí irun ọrùn wọn ti ta kókó bí ìtẹ́ ẹyẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa dà wọ́n nù. Èmi kì í da ẹṣin nù. Màá fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ara ẹ̀, màá di irun ẹ̀ wẹ́wẹ́, màá wá ri ìdì náà bọ omi gbígbóná, bí àwọn onídìrí ṣe ń ṣe sí atáṣimẹ́ǹtì. Tí mo bá tú u lọ́jọ́ kejì, irun á máa dán, òòyà á gba inú ẹ̀ kọjá. "Yèyé ẹlẹ́ṣin" ni wọ́n ń pè mí.

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo kò jẹ́ kí n ta ọ̀kan nínú wọn, funfun báyìí. Lọ́jọ́ kan ó gbé e tọ bàbá ẹ̀ lọ.

"Bàbá, ẹ kọ ilà fún un. Kò jọ ará ulé wa."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ẹṣin náà sórí itan bí olóólà, ó mú báírò, ó fa méjì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, méjì sí tòsì, bí ti ojú òun gan-an. "Rọra, ó ti fẹ́ẹ̀ parí," ló ń wí fún ẹṣin. Ọmọ náà ló ń bá ẹṣin sunkún. Èmi ń bínú pé wọ́n ba ọjà mi jẹ́.

Kò pẹ́ sí i ni àìsàn mú ọkọ mi lọ. Fọ́tò ẹ̀ kan ṣoṣo ló wà, òjìji fìlà sì bo ojú ẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi ń lọ ulé ọkọ, ó ní, "Yèyé, ẹ bá mi tọ́jú ẹṣin mi. Èmi fúnra mi á wá mú un." Mo fi í sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi.

Ọdún Àjíǹde tó kọjá, ó pè pé òun ń bọ̀ wá mú un. Ìwọ tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí lo fi hàn mí nínú fóònù pé àwọn èèyàn ń kó irú ẹṣin àtijọ́ bẹ́ẹ̀ jọ, pé wọ́n ń fọ̀ ọ́ títí á fi dà bí tuntun. Mi ò bá ọ wí o. Ìgbéraga tèmi ni. Mo ní, ta ló mọ̀ ọ́n fọ̀ jù mí lọ?

Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Mo rí nǹkan dúdú lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹṣin náà, mo pè é ní ìdọ̀tí. Báírò ọjọ́ yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Búrọ́ọ̀ṣì kò mú un. Mo fi háípò ra á, mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, mò ń yí i bí ẹni ń yí kòkó. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ. Inú mi dùn! Mo so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn nírun.

Ọmọ mi kò tíì jókòó tó fi béèrè ẹ̀.

"Há! Yèyé ẹlẹ́ṣin! Ẹ tún so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn?"

Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀.

"Yèyé, ilà bàbá mi dà?"

"Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

"Ìdọ̀tí kẹ̀?"

Mo ní kó fún mi ní báírò kí n tún un fà, mo ṣáà mọ ojú ọkọ mi.

"Ẹ fi sílẹ̀, Yèyé. Ọwọ́ yín kọ́ ló kọ ọ́."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Kó tó gbé e lọ, ó wá jókòó tì mí, ó ní kí n kàn fi ìka tọ́ka sí ibi tí ilà náà wà. Mo fi ìka fa àkọ́kọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹṣin. Nígbà tó kan èkejì, ìka mi dúró. Mi ò rántí mọ́ bóyá ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.