Ọwọ́ Ọ̀tún Ni Mo Ti Bẹ̀rẹ̀ Ìwé Amẹ́ríkà

Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ ní Ṣómólú ni kíkó ìwé jọ. Bí ẹ̀rọ bá tẹ ìwé tán, wọn á ká ewé rẹ̀ ní ìdì ìdì, wọn á tò wọ́n ní òkìtì òkìtì sórí tábìlì gígùn kan. Àwa obìnrin á wá máa rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà, à ń mú ẹyọ kan láti orí òkìtì kọ̀ọ̀kan, títí odidi ìwé á fi pé lọ́wọ́ wa. Àárọ̀ dalẹ́ ni ìrìn yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ pé iṣẹ́ ìwé là ń ṣe á rò pé a jókòó ni.

Obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló máa ń to tábìlì fún wa. Òun kàwé díẹ̀, ó mọ nọ́ńbà. Nígbà òjò tó kọjá, àìsàn gbé e padà sílé. Ọ̀gá wa béèrè ẹni tí yóò máa tò ó. Ọmọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ilé ìtẹ̀wé náà ni ọ̀gá yìí, èmi náà sì ti pọ̀n ọ́n rí. Mo ní èmi ni. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo mọ nọ́ńbà, èmi náà ò sì sọ. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀gá fẹ́ dín wa kù, mo sì mọ̀ pé àwa àgbà la máa kọ́kọ́ lọ. Ibo ni mo tún fẹ́ wá iṣẹ́ lọ ní ọjọ́ orí mi?

Ìwé olùkọ́ obìnrin kan láti yunifásítì ní Akọka ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìwé náà ń sọ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ̀wé láyé àtijọ́, àti bí ìkọ̀wé wọn ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ìdì mẹ́fà ni. Ẹni tó ń ká ewé bá mi fi pẹ́ńsù fa ìlà sí wọn lára: ìlà kan, ìlà méjì, títí dé mẹ́fà. Mo gbé onílà kan sí ọwọ́ ọ̀tún, mo to ìyókù wá sí òsì. Ilé kéwú ni mo lọ ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, mi ò lọ síbòmíì. Lórí wàláà tí mo mọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó tọ́ lójú mi. Àwọn tó kù sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn láti òsì bí ìṣe wọn. A kó gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n fi wáyà gún ẹ̀yìn rẹ̀.

Olùkọ́ náà dé ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ fi ìwé náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó ṣí ìwé kan, ó pa á dé, ó yí i sódì, ó tún un ṣí.

Ó ní, “Ta ló to ìwé yìí? Òpin rẹ̀ ló wà níwájú.”

Mo ní èmi ni, àti pé ọwọ́ ọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo ìwé ló kọ́kọ́ lóye rẹ̀. Ó ní, “Ìyá Àgbà, ẹ ti sọ Amẹ́ríkà di oníkéwú.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi èmi àti ọ̀gá.

Ọ̀gá rọra sọ fún mi pé, “Ìyá, ẹ lọ sinmi nílé.” Mo mọ irú ìsinmi yẹn. Ó ti ní kí ẹni méjì lọ sinmi ṣáájú mi, wọn ò padà wá. Mo ní kó jẹ́ kí n tú ohun tí mo bà jẹ́ ná. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí yọ wáyà.

Wáyà ń gún mi níka. Olùkọ́ náà fa àga, òun náà ń yọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan fún mi, pé bí ojú mi bá ṣì í mú, inú mi ò ní ṣì í mọ̀.

Ó ní àwọn tó wà nílẹ̀ náà kí ọkọ̀ ojú omi tó dé ló wà nínú ìdì kìíní. Ẹnu ni wọ́n fi ń pìtàn bí ayé ṣe ṣẹ̀. Àwọn ẹlòmíì ló wá kọ díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, púpọ̀ ti sọnù. Ìdì kejì ni ti àwọn tó wọkọ̀ wá pẹ̀lú Bíbélì. Ìwàásù ni wọ́n ń kọ, àti ìwé ojoojúmọ́ tí wọ́n fi ń wá ẹ̀ṣẹ̀ ara wọn. Bí ilé bá jó, wọn á bi ara wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló jó o. Mo ní irú wọn pọ̀ ládùúgbò wa ní Bàrígà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn nìkan ni wọn ò tíì ní nígbà yẹn.

Ó ní nígbà tó yá, ìbẹ̀rù sú àwọn ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n ní Ọlọ́run fún èèyàn ní làákàyè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé pélébé pélébé tí wọ́n fi ń bá ọba òkè òkun jà. Ìdì kẹta nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n gba ìlú tán, làákàyè náà tún sú wọn. Ẹlòmíì wọ inú igbó lọ, ó ń kọ nípa igi àti ọkàn ara rẹ̀. Ẹlòmíì ń kọ nípa iwin. Ìdì kẹrin nìyẹn.

Mo bi í pé ta ló ń roko nígbà tí àwọn wọ̀nyí ń rìn nínú igbó. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí wáyà. Ó ní àwọn yẹn ló wà nínú ìdì karùn-ún: àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú, tí wọ́n fara pamọ́ kọ́ ìwé kíkà, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ ohun tí ojú wọn rí. Ó ní wọ́n máa ń na ẹlòmíì nínú wọn tí wọ́n bá ká ìwé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èmi, ẹnikẹ́ni ò nà mí. Wọn ò kàn rán mi lọ sílé ìwé ni.

Ìdì kẹfà ni ti àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ti sú àwọn wọ̀nyí náà. Bí àwọn èèyàn etí odò àti ti inú ṣọ́ọ̀bù ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ.

Mo ní, “Ó máa ń rẹ gbogbo wọn ni.”

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ibi tó bá ti rẹ àwọn kan ni àwọn míì ti ń bẹ̀rẹ̀.”

Ní Sátidé, ọ̀gá ti pe ọmọ onígọ́ọ̀mù pé kó wá to tábìlì. Olùkọ́ náà ní kí ọ̀gá jẹ́ kí n tò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òsì. Bí mo ṣe ń gbé òkìtì kalẹ̀ ni mò ń dárúkọ àwọn tó ni ín: àwọn ẹlẹ́nu, àwọn oníwàásù, àwọn abọ́bajà, àwọn onígbó, àwọn tí wọ́n tà, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ń tẹ̀lé mi, ó ń yẹ nọ́ńbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìdí tábìlì, ó ní, “Ó pé.” A kó o jọ títí Àìkú, olùkọ́ náà sì rí i gbà kó tó di ọjọ́ Ajé.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Ajé, ọmọ onígọ́ọ̀mù ló wà nídìí títò. Ọ̀gá ní kí n dúró sí ìparí, kí n máa gba ìwé tó bá pé, kí n máa gbá etí rẹ̀ mọ́ tábìlì kó lè dọ́gba. Kò lé mi, kò sì dá mi padà síwájú. Ọmọ náà bi mí bóyá inú ń bí mi. Mo ní rárá. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó dùn mí, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí ju kí n jà lọ. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n gbé ìwé àkọ́kọ́ wá.