Aṣọ Funfun tí Ó Pa Ilé Wa Lẹ́kún

Ọjọ́ tí mo ra aṣọ òwú funfun ní ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Bàbá ti pẹ́ ní ọsibítù, ẹ̀rù sì ń bà wá. Tíṣà ní kí n ra aṣọ tí n ó fi ṣe ẹ̀yìn kúbùsù alábùlẹ̀ tí mò ń rán. Mo gbé aṣọ sókè sí oòrùn. Mo fi èyí tó fẹ́lẹ́ sílẹ̀, mo mú èyí tó ki.

Bí Màmá ṣe rí i lọ́wọ́ mi, wọ́n figbe ta: "Inna lillahi! Aṣọ òkú! Ọkọ mi ti lọ!" Ilé dàrú. Mo ń pariwo pé ti iléèwé ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Èmi náà bú sẹ́kún.

Àfi bí Bàbá, tí dókítà ti ní kí wọ́n máa lọ sílé, ṣe wọlé. "Ta ló kú?"

Nígbà tí mo rán kúbùsù náà tán, Bàbá gbà á. "Tèmi ni," wọ́n ní. "Ẹ ti sunkún lé e lórí."