Òwú Irun Létí Adágún Orí Òkè

Nígbà tí mo ṣì kéré, láàárín àwọn ọdún 1980, tí à ń gbé ní Rogers Park ní Ṣikágò, ẹ̀rín tán lẹ́nu bàbá mi. Ìyá rẹ̀ kú nílé lábúlé wọn, ìwé ìgbélùú bàbá mi kò sì tíì jáde, kò lè lọ síbi fídáù ìyá rẹ̀. Kò sunkún o, ó kàn dákẹ́ ni. Ẹ̀yin ọmọ, ilé tí bàbá ti dákẹ́ kì í ṣe é gbé.

Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló yá a ní ọ̀pá ìpẹja, tó sì júwe adágún kan fún un lórí òkè, lọ́hùn-ún níhà ìwọ̀-oòrùn. Bàbá mi kó èmi àti ìyá mi sínú ọkọ̀, a rin tọ̀sán tòru títí ọ̀nà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀, ìkùukùu ń rìn lórí omi bí ẹni tí kò kánjú. Ẹja tíráótì ń ta sókè, omi ń là, ó ń padé. Mo rò pé mo ṣì ń sùn nínú ọkọ̀ ni. Títí dòní ni mo ń lálàá omi yẹn.

Bàbá mi, ọmọ etí odò, fi búrẹ́dì sẹ́nu ìwọ̀, bó ṣe máa ń fi ẹ̀kọ ṣe lábúlé wọn. Ẹja kankan kò wo ibẹ̀. Ó jù ú títí ọ̀sán fi pọ́n, ó wá jókòó sórí òkúta.

"Ó ti tó. Let's just go home."

Mo mọ̀ pé bí a bá padà báyẹn, ìdákẹ́ náà ni yóò bá wa wọlé.

Ìyá mi ti bu omi adágún sínú abọ́ láti ṣe àlùwàlá. Kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ ló kún inú abọ́. Ó ké sí bàbá mi:

"Dádì, ẹ wá wo oúnjẹ wọn! Ẹni tó ti yó nílé ara ẹ̀, kí ló fẹ́ fi búrẹ́dì yín ṣe?"

Ìyá mi fà mí mọ́ra, ó tú òwú dúdú tó fi kó irun fún mi, ó wé e mọ́ ìwọ̀, ó fi ìyẹ́ ẹyẹ tó ṣà nílẹ̀ há a. Ó ti di kòkòrò! Bàbá mi sọ ọ́ sórí omi jẹ́jẹ́. Kò pẹ́, ọ̀pá tẹ̀.

"Ó ti gbé e! Ó ti gbé e o!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó di ẹja mú, ó ń ki ìyá rẹ̀, omijé ń ṣàn. Ìdajì irun mi ti tú, inú mi sì dùn dọ́ba.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ẹ lè wo fídáù lórí fóònù kí ẹ sì padà sẹ́nu iṣẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ó dáa bẹ́ẹ̀, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹkún bàbá mi rìn jìnnà kó tó rí ibi jáde. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá pa fóònù tán, níbo lẹ máa ń lọ sunkún tiyín?